Ọwọ́ Ni Kó Kọ́kọ́ Wọ Inú Táyà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ́, mo mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ kí wọ́n ní kí fọkanáísà wá sọ ìtàn ayé rẹ̀. Lọ́yà ni wọ́n sábà máa ń pè, tàbí dókítà, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Èmi ò ti ibì kankan dé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìdímù, Ìdímù náà ni mo wà títí di òní, mo sì lo ọdún mẹ́rìnlélógójì nídìí táyà. Múṣílíù ni orúkọ mi. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ mi àtijọ́, ẹ béèrè Bàbá Onítáyà, wọ́n á júwe ilé mi fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti owó kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó tọ́ ọmọ mẹ́rin, ó sì kọ́lé kékeré kan. Kò sọ mí dọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń wá ọrọ̀ kó máa lọ, ọ̀nà rẹ̀ kò gba ìsọ̀ wa kọjá. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ohun kan wà tí ọwọ́ mi kọ̀ láti ṣe lọ́jọ́ kan, ohun kan sì wà tí ẹnu mi sọ lẹ́yìn rẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi gbé àwọn méjèèjì rìn. N ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lè mọ ohun tó fẹ́ gbà mọ́ra.

Bàbá Kúdí la máa ń pe ọ̀gá mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ga, ó rí gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín kó tó jẹun ọ̀sán. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá títì Ìdímù, lábẹ́ igi fúrúùtù kan tí wọ́n ti gé lulẹ̀ báyìí. Kúdí ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo dé, èmi ni mo sì ń mú un lọ sílé ìwé láràárọ̀. Bọ̀dá Múṣí ló ń pè mí, ohun náà ló ṣì ń pè mí títí dòní.

Irinṣẹ́ kò pọ̀ nígbà yẹn. Pọ́ńpù ọwọ́ la fi ń fẹ́ táyà, ẹni tó bá fẹ́ táyà akẹ́rù kan tán, kò ní lè gbé ṣíbí sẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́. Irin gígùn méjì la fi ń yọ táyà kúrò lára ríìmù, irin náà sì máa ń ta padà gbáni lágbọ̀n bí èèyàn ò bá mọ̀ ọ́n dì mú. Ẹ̀rọ iná kékeré kan wà tí a fi ń jó rọ́bà mọ́ túùbù tó bá lu. Gbogbo wa la ní àpá rẹ̀ lára. Àmọ́ ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, a fara mọ́ ọn.

Ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ ọ̀gá mi kì í ṣe iná tàbí irin. Òfin kan ṣoṣo ló ní, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ ọ́: ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ wọ inú táyà kí afẹ́fẹ́ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bí táyà bá já sí kòtò, etí kòtò náà àti ríìmù á há a mọ́ àárín. Nínú táyà, òwú wà níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n hun aṣọ. Òwú yẹn ló máa ń já. Rọ́bà ìta lè má ní ihò kankan, kó máa dán gbinrin, kó dúdú, kí etí rẹ̀ nípọn, síbẹ̀ kí òwú inú ti já. Bó bá di ọjọ́ tó tún wọ kòtò mìíràn, ibẹ̀ ló máa gbà là. Ojú kò lè rí i. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa mọ̀ ọ́n, torí á kan ohun kékeré kan bíi kókó ara okùn. Ọ̀gá mi á ní, “Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.” Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń na ìka sí àwọn táyà tó wà nílẹ̀.

Bó ṣe kọ́ wa nìyí. Á fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di wá lójú, á ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tàbí iyanrìn díẹ̀ sínú táyà, á ní ká wá a. Ká má fi ọmọ ìka wá a o, torí ọmọ ìka a máa kánjú. Kí àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó máa wọ́ lọ jẹ́jẹ́, ká fi ọwọ́ yí àárín lẹ́ẹ̀kan, ká tún yí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹni tó bá fo ibì kan, ọ̀gá á fi rọ́bà túùbù nà án lẹ́yìn ọwọ́. Ọdún kan àbọ̀ ni mo lò kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi de táyà oníbàárà.

Mo rántí ọkùnrin kan tó wá láti Ẹgbẹ́dá lọ́dún kejì mi. Táyà rẹ̀ jò, mo lẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ ẹ, mo dè é, ọkùnrin náà sì lọ. Ọ̀gá mi ti ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá bi mí pé ṣé ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Mo ní rárá, mo gbàgbé. Kò nà mí. Ó kàn fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n wá ọkùnrin náà lọ.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ẹgbẹ́dá nínú oòrùn. Ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni mo ti bá a, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi mí rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wọn. Bó ṣe rẹ́rìn-ín náà ló wakọ̀ padà, èmi sì jókòó sẹ́yìn. Ọ̀gá mi yọ táyà náà fúnra rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i yíká. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkùnrin náà bínú, ó ní wọ́n fi ọ̀sán òun ṣòfò. Ọ̀gá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀ lónìí,” ló wí. “O sọ òótọ́ fún mi, ìyẹn ni mo máa rántí.”

Nígbà tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, irin tó fi ń yọ táyà ló fún mi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti lò láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi títí àwọn àlejò fi ń wo oúnjẹ. Mo yá ìsọ̀ ara mi lápá ibi tí ọ̀nà ti ń ya lọ sí Ìkòtún, mo sì gbé irin náà kọ́ sí ibi tí mo ti lè rí i.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dé, a sún pọ́ńpù ọwọ́ sẹ́yìn ìsọ̀. Táyà tí kò nílò túùbù dé. Lẹ́yìn náà ni táyà tòkúnbọ̀ rọ́ dé bí òjò. Ìwà burúkú sì bá a wọlé. Àwọn kan á fi ọ̀bẹ gbígbóná ya ojú táyà tó ti pá kó lè dà bí tuntun, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Àwọn akẹ́rù tó ń kó ata àti tòmátì lọ sí Ṣàṣà ló ń rà á jù, torí wọn kò fẹ́ dúró, ẹrù wọn ò lè dúró. Mo gbìyànjú láti máa bá wọn sọ ọ́, àwọn kan gbọ́, àwọn kan ní kí n jẹ́ kí àwọn rí ọ̀nà lọ.

Ríìmù náà yí padà. Ríìmù onírin là ń lò tẹ́lẹ̀. Bó bá wọ kòtò, á tẹ̀, a óò fi òòlù lù ú, á nà. Ìgbà tí ríìmù álọ́ì dé, tó ń dán bíi fàdákà, gbogbo èèyàn fẹ́ ẹ. Àmọ́ èyí kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń sán. Bí wọ́n bá jó o pọ̀, ojú jíjó náà ló tún máa sán níjọ́ mìíràn. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ohun tó ń tẹ̀ sàn ju ohun tó ń fọ́ lọ lójú ọ̀nà tiwa. Ẹni tó bá ń gba Ìkòtún lọ sí Ìgàndò nígbà òjò mọ ohun tí mò ń wí. Omi á bo kòtò, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀, o ò ní mọ̀ bóyá ó dé kókósẹ̀ tàbí ó dé orúnkún àfi tí o bá wọ̀ ọ́.

Kúdí ti dàgbà nígbà yẹn, ó ti lọ́kọ, ó ti bí ọmọkùnrin kan, Táófíìkì. Tíṣà ni nílé ìwé kan lápá Ìgàndò. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Kúdí ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ gbé e wá. Inú mi dùn, mo ń wò ó bí àbúrò tí mo gbé lọ sílé ìwé. Ọkọ̀ náà dáa, àmọ́ ríìmù álọ́ì ńlá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, táyà pẹlẹbẹ sì wà lára rẹ̀ bí okùn.

Ọjọ́ yẹn, èrò pọ̀ ní ìsọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbogbo wọn lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí Kúdí wo nọ́ńbà ara táyà rẹ̀, nọ́ńbà kejì nínú mẹ́ta. Ogójì ló wà níbẹ̀. Mo ní ìyẹn túmọ̀ sí pé láti etí ríìmù dé ilẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, kò sí ohun tó máa gba ìjàǹbá kòtò fún ríìmù. Mo ní ká sọ̀ kalẹ̀ sí ríìmù onírin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká wá táyà tí nọ́ńbà kejì rẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ju ìka mẹ́fà lọ. Kò ní dán lójú, ọkọ̀ náà á dà bí ọkọ̀ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n á gbé e dé ibi iṣẹ́. Mo fi nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà hàn wọ́n, pé méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é, pé kí ẹnikẹ́ni má ra táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà bó ti wù kó dán tó. Mo ní kí wọ́n máa wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Mo ní bí kókó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bí èyí tó yọ níwájú orí, kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn èrò ń kan sáárá sí mi. Ẹnì kan ní ó yẹ kí wọ́n gbé mi sórí rédíò. Orí mi wú, n kò ní purọ́ fún yín. Mo yan táyà tòkúnbọ̀ mẹ́rin fún Kúdí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dáa lójú, ọdún wọn kò pẹ́, ojú wọn jinlẹ̀. Ẹ̀rọ iná ti jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ méjì ṣáájú, mo fi aṣọ wé e. Mo ki ọwọ́ òsì bọ inú mẹ́ta nínú wọn. Ìkẹrin ló kù. Ẹnì kan ń bi mí ní ìbéèrè nípa ríìmù, mo ń dá a lóhùn, mo wo inú táyà náà fìrí, mo gbé e sórí ríìmù, mo sì fẹ́ ẹ. Ẹnu mi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi jókòó.

Àwọn kan á ní ọwọ́ tó jó ló fà á. Èmi náà gbìyànjú láti gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ń kọ́? Ó wà níbẹ̀, ó sì ti wọ inú mẹ́ta.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, Kúdí ń bọ̀ láti ilé ìwé lọ́sàn-án, ó wọ kòtò kan tí omi bò lójú ọ̀nà Ìgàndò. Táyà iwájú lọ́tùn-ún bẹ́, ọkọ̀ yà bàrá, ó fi imú gbá etí gọ́tà oníkọnkéré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ há sábẹ́ irin. Àwọn èèyàn tó wà nítòsí ló fà á jáde. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi irin sí i. Àwọn dókítà gbìyànjú gan-an, ẹsẹ̀ náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kúrú ju èkejì lọ láti ìgbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò lè dúró níwájú kíláàsì fún wákàtí kan mọ́, ó sì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, iṣẹ́ tó fẹ́ràn láti kékeré. Aṣọ ló ń rán báyìí, torí ìyẹn ṣe é jókòó ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta ìjàǹbá náà, ọ̀gá mi ní kí n bá òun dé ibi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sí. Èmi àti òun nìkan la lọ. Ó ní kí n yọ táyà tó bẹ́ náà kúrò lára ríìmù. Mo yọ ọ́. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé táyà náà sórí itan, ó pa ojú dé, ó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ọwọ́ náà ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́ bó ṣe kọ́ wa. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya máa ń le, òwú rẹ̀ máa ń gún ọwọ́. Ibi tó ti já tipẹ́ á ti kúnná, torí rọ́bà ti ń fi ara ra á lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Òun ló kọ́ mi.

Ó la ojú, ó wò mí. “Múṣílíù, ṣé ọwọ́ rẹ wọ inú rẹ̀?”

Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí lọ́jọ́ náà. Mo níyàwó, mo lọ́mọ, mo ní ìsọ̀, mo ní orúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó rìn dé Ẹgbẹ́dá lẹ́sẹ̀ ti kúrò lára mi. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ó wọ̀ ọ́.”

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù. “Kádàrá ni nígbà náà,” ló wí. Ó dìde, a sì padà sílé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Lójú ọ̀nà yẹn, ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo fẹ́ dá a dúró, ẹsẹ̀ mi ṣáà ń lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìsọ̀ mi. Á dé lẹ́yìn àárọ̀, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, á fi ẹ̀yìn ti ògiri. Kì í dá sí iye tí mò ń gbà, kì í bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò. Bí mo bá gbé táyà, á wò ó títí ọwọ́ mi á fi wọ inú rẹ̀, tí á yí i yíká, tí á sì jáde. Á wá ní, “Ó dáa.” Ó ṣe é fún ọdún mẹ́fà, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé ilé ló sú bàbá. Mo gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn lẹ́nu. Ìtìjú ń jẹ mí bí ìgbà tí wọ́n dì mí lójú pẹ̀lú gèlè, tí gbogbo ayé sì ń wò mí.

Ó kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́, nínú oorun, lọ́dún keje. Mo wà nínú àwọn tó gbé e lọ sí itẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti bá a wọlẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yọ táyà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń wọn bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe dúró sí. Ó dáa, mo ra ọ̀kan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n àgbà tó bá kọ aṣọ tuntun, àkísà nìkan ni yóò wọ̀ kú. Síbẹ̀ kò sí kọ̀ǹpútà kankan ní ìsọ̀ wa tó ń mọ òwú tó já nínú táyà. Gbogbo táyà tó kọjá lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ti Kúdí ni ọwọ́ mi wọ̀. Mo ṣe é bí ẹni ń san gbèsè, ṣùgbọ́n ẹni tí mo jẹ ní gbèsè kò gba nǹkan kan níbẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ló mú mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, ó dé ọwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ki ọwọ́ bọ táyà ọkọ̀ akóyọyọ kan, mo yí i yíká, mo ní ó dáa. Ẹni tó dúró tì mí ní, “Bàbá, ẹ wo ọwọ́ yín.” Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìṣó ló wà nínú táyà náà, ó ti ya mí, n kò sì mọ̀ ọ́n lára. Mo jókòó sórí àpótí tí ọ̀gá mi máa ń jókòó sí. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo fa ìsọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Èèyàn tí kò níṣẹ́ a máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí mo fi wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòtún, sí ilé Kúdí, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Táyà tòkúnbọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní Táófíìkì ti ra ọkọ̀, àná ló ra táyà náà, ọ̀sán ni wọ́n máa dè é. Ó ní kí n jókòó jàre, ó fẹ́ pe ẹni tó máa gbé omi wá. Mo ní kó má pe ẹnikẹ́ni.

“Kúdí, ọwọ́ mi ò wọ inú táyà yẹn.”

Kò bi mí pé táyà wo. Ó gé òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ká aṣọ náà síbì kan.

“Mo mọ̀, Bọ̀dá Múṣí. Bàbá sọ fún mi nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n ní àwọn fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n má bi yín, pé ẹ̀ ń bọ̀ wá sọ ọ́ fúnra yín, pé irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́ nìyẹn.” Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. “Wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Wọ́n ń wá jókòó tì yín títí wọ́n fi kú, ẹ ò sọ ọ́.”

N kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dun òun jù. Ẹsẹ̀ ti ṣẹ́, ó ti jinná bó ṣe lè jinná. “Gbogbo Iléyá lẹ̀ ń wá síbí. Ẹ máa jẹun tán, ẹ máa bi mí pé, Kúdí, ẹsẹ̀ ń kọ́? Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé òtítọ́ lè ti dé ilé tipẹ́, kó jókòó, kó máa wo irọ́ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Mo sunkún níwájú ọmọ tí mo gbé lọ sílé ìwé. Mo tọrọ àforíjì. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun ò dárí jì mí. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí táyà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní kí n bá Táófíìkì wò ó. Mo sọ fún un pé àtẹ́lẹwọ́ mi ti kú, pé mi ò lè fọwọ́ mi sọ̀yà mọ́. Ó mú ọ̀pá, ó dìde, ó fi àpótí kékeré kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà, ó na ẹsẹ̀ tó kúrú síwájú.

“Ẹ kọ́ mi bí Bàbá ṣe kọ́ yín.”

Mo ní kó má fi ọmọ ìka wá a, kí àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó pa ojú dé, kó má kánjú. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi nọ́ńbà ọdún kó lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó yí àárín, kò sí nǹkan. Ó yí ẹ̀gbẹ́ òsì, kò sí nǹkan. Ó dé ìdajì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún dúró.

“Nǹkan kan wà níbí. Bíi kókó okùn.”

Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ tèmi bọ̀ ọ́, ó sì gbé ìka mi lé ibẹ̀ gan-an. Èmi ò mọ nǹkan kan lára. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, mo sì ní kó sọ fún Táófíìkì kó dá táyà náà padà.